Ẹni Tó Pa Ọ̀gànwó Mùktárù

Ọ̀rọ̀ náà kò gba inú Babáfẹ́mi Ọláyanjú mọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi gbé e mì, ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà sọ pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, ó mọ̀ pé àkókò tó kí òtítọ́ jáde. Láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí Títí, ọmọ rẹ̀, fi mọ́tò gbé òun láti Ire-Akari lọ sí Èjìgbò l'Ékòó, sí yàrá kan ṣoṣo tí Ìsíátù ń gbé. Ó ní kí Títí má dúró síta. Ó fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ irú ènìyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́.

Ìsíátù ni ẹ̀gbọ́n Mùktárù, ọmọ Ìwó tó ń gbin irúgbìn igi fún títà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Apakun kó tó kú. Babáfẹ́mi ló kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tí òun fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igbó ọba l'Óǹdó. Ó kọ́ ọ pé èso ọ̀gànwó, igi ńlá tí à ń fi la pákó, kì í pẹ́ bàjẹ́, kí a tètè gbìn ín, kí a fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, kí a sì máa ṣí imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi mọ́ ọn lára. Mùktárù gbà á, ó sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ó rí i pé kòkòrò a máa jẹ ọ̀mùnú ọ̀gànwó tó bá dá wà, ló bá ń tò ó sáàárín igi mìíràn. Ìsíátù ló ń bá a bomi rin wọ́n.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ dá igbó padà wá wo irúgbìn, ti Mùktárù dúró ṣinṣin, ẹgbẹ̀rún méjì. Ilẹ̀ Babáfẹ́mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, torí èso tó ti pẹ́ nílé ló gbìn, òun tó ń kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọṣẹ́ rẹ̀.

“Ìyá Rodiat,” ni Babáfẹ́mi wí fún Ìsíátù, “ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé. Èmi ni mo da oògùn apakoríko sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń bomi rin igi yẹn. Ọwọ́ yín ni mo fi pa á.”

Ìsíátù ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ó gbé àtẹ náà sílẹ̀.

Babáfẹ́mi kò dákẹ́. Ó ní ká ní oògùn náà nìkan ni, bóyá òun ì bá rí ojú tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi gbẹ tán tí Mùktárù wá bá òun, ọ̀gá rẹ̀, pé kí ni òun ó ṣe, òun Babáfẹ́mi ló sọ fún un pé òun rí Ìsíátù pẹ̀lú ìgò kan nídìí dúrọ́ọ̀mù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń jà lórí ilé bàbá wọn lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà Mùktárù gbà á gbọ́. Ìsíátù fi Kùránì búra, Mùktárù kò gbà. Kò kí i mọ́ títí ó fi kú. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kí i.

“Nígbà tó ń kú lọ tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀,” ni Ìsíátù bi í, “ǹjẹ́ ó dárúkọ mi?”

Ìbéèrè tí Babáfẹ́mi ń bẹ̀rù jù nìyẹn.

“Ó dárúkọ yín. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ẹ̀yin ni mo rí, torí ó fẹ́ ránṣẹ́ pè yín. Mo ní ó dá mi lójú.”

Títí bú sẹ́kún. Ìsíátù kò sunkún.

“Bàbá Títí, ẹni tí ẹ̀bẹ̀ yìí tọ́ sí wà nínú ilẹ̀,” ló wí. “Ẹ lọ sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.”

Babáfẹ́mi lọ bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mardiyah, àkọ́bí Mùktárù, gbọ́ ọ dópin, kò bú u. Ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Èjìgbò lọ.

Ó ti di oṣù méjì. Títí gbọ́ pé Mardiyah ń lọ kí Ìsíátù ní Jímọ̀-Jímọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Babáfẹ́mi. Gbogbo ọ̀dọ́ tó bá wá kí i lórí àìsàn ló ń sọ ọ́ fún, kì í fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní, “Bí ẹni tí o kọ́ bá mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, èrè rẹ nìyẹn. Èmi rí èrè tèmi, mo da oògùn sí i.”