Ìlà Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Gé

Ẹ gbé kéèkì yẹn tì ná, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìyìn tí ẹ ń yìn mí láti àárọ̀ ti ń yún mi lára bí wèrèpè. Mi ò lè fẹ̀yìn tì lọ sílé pẹ̀lú irọ́ yìí nínú. Delphine, ìwọ tó se kéèkì náà, má padà sílé ìdáná. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí Delphine Ouellette wà ní kíláàsì mi, ó kọ ewì nípa bàbá rẹ̀, apẹja tí òkun gbé lọ. Ìlà kan wà níbẹ̀: "Ìbọ̀wọ́ bàbá mi ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ìka rẹ̀ ṣì ká kò bí ẹni di okùn mú." Mo kà á, ara mi bù máṣọ. Lẹ́yìn náà ni owú dé. Èmi tí gbogbo ìwé ìròyìn ti dá ewì mi padà títí ó fi sú mi, ọmọ àná wá fi ìlà kan ṣoṣo gba ohun tí mo ń wá! Owú náà jẹ mí wọ eegun.

Ẹ mọ òfin kíláàsì wa: bí a bá ń túmọ̀ ewì akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ lanu títí a ó fi parí. Òfin yẹn ni mo fi dì í lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ìbọ̀wọ́ ń wá níbi ọ̀fọ̀?" Brody, aláwàdà wọn, ní, "Bóyá ó ń rùn bí ẹja ni, tíṣà, ó wá gba atẹ́gùn!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Delphine ń wò mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo na ìka sí i: "Òfin ni o." Èmi tó yẹ kí n gbèjà rẹ̀! Ìkà ni mí.

Nígbà tí kíláàsì tú, Delphine dúró dè mí. "Ṣé kò dáa rárá ni, Mísìsì Pettibone?"

"Ó kù díẹ̀ káàtó ni, ọmọ mi. Jẹ́ kí n bá ọ tún un ṣe."

Mo gé ìbọ̀wọ́ náà, mo fi òkun tó fẹ̀ àti omijé tó ń ṣàn dípò rẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ti kọ títí ó fi ṣá. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà." Òkú ewì yẹn la fi ránṣẹ́ síbi ìdíje tí ì bá gbé e lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn! Kò kọ ewì mọ́. Ilé ìdáná wa níbí ló bọ́ sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú Noémie, ọmọ rẹ̀, wá bá mi tòun tewì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi tún tirẹ̀ náà ṣe, mà. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú pé èmi kì í ṣe akéwì, kí n tó fayé mi ṣòfò." Ó tún ń dúpẹ́!

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, bí iṣẹ́ ọmọ bá mú yín jowú, ẹ fi bíírò yín sílẹ̀.

Delphine, gbé abọ́ yẹn kalẹ̀. Akéwì ni ọ́. Mi ò rí ìlà tó tó ìlà ìbọ̀wọ́ yẹn rí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gé e. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ewì Noémie rèé, mi ò fọwọ́ kàn án. Jọ̀ọ́, gbà á kúrò lọ́wọ́ mi.