Aránṣọ Tó Tún Ìkànnì Ṣe

Nígbà tí fóònù mi kọ́kọ́ ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, mo pa á, mo sì fi í pamọ́ sínú àpótí aṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, nínú ọkọ̀ Ọ̀tan sí Ìlá, mo gbọ́ tí aránṣọ kan ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wálé láti Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Àǹtí mi, mo ti tún kóòdù yẹn kọ. Ibi tí aláboyún ti ń tẹ ìbéèrè sí lórí ìkànnì ìlera yẹn, tí kì í hàn tẹ́lẹ̀ lórí fóònù kékeré, ti ń hàn báyìí. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti fi í ránṣẹ́ sí wọn."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Tí mo bá ba ìkànnì gbogbo ayé jẹ́ ńkọ́? Èmi aránṣọ Ìlá!"

"Wàhálà ẹ pọ̀. Ṣebí ẹ̀dà tìẹ lo tún ṣe? Àwọn ọ̀gá tó ni ìkànnì náà á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Nígbà tó o ń kọ́ṣẹ́, ṣé léèsì oníbàárà ni ọ̀gá ẹ kọ́kọ́ gbé fún ẹ?"

"Rárá o, àjákù aṣọ ni."

Nínú ọ̀rọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè ṣí inú ìkànnì náà, kó wo kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, kó sì bá àwọn tó ni ín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mò ń sá fún fóònù ara mi!

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré ni, Àǹtí. Kí ló dé tí àwọn ọ̀gá yẹn ò ṣe é fúnra wọn?"

Àǹtí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti rí i tipẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò ṣe irú ẹ̀ rí ni kó ṣe é, kó fi kọ́ṣẹ́. Ìwọ ni wọ́n fi í sílẹ̀ dè."