Bí Mo Ṣe Di Ìyá Àbíọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì káàánú mi o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, kí ẹ tó pinnu bóyá ìtùnú ló tọ́ sí mi tàbí èébú. Orúkọ kan wà tí mo ti ń fẹ́ kí wọ́n máa pè mí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí, ìgbàkígbà tí mo bá sì gbọ́ ọ, àyà mi á já. Ọkàn mi ò balẹ̀ nínú ilé ara mi mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ni mo ń bẹ̀rù, ọmọ tó ń kí mi láràárọ̀, tó ń fọ abọ́ tí mo fi jẹun, tí kò fi ìgbà kankan sọ̀rọ̀ àrífín sí mi. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀!

Forestville ni à ń gbé, ní Maryland níbí, ilé wa ò jìnnà sí títì ńlá tí wọ́n ń pè ní Beltway. Bọ́ọ̀sì iléèwé ni mo ń wà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà kó tó wálé. Ìbàdàn ni mo ti fẹ́ ẹ. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, Rùkáyátù, tí gbogbo wa ń pè ní Rùká. Èmi ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nígbà yẹn, èmi ni mo kọ ìwé tó gbé bàbá àti ọmọ dé ibí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Rùká lọ́jọ́ tí mo lọ pàdé wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sáàárín èrò, ó ní, "Ẹ kúulé, Mọ́mì." Mo gbé e mọ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò purọ́.

Ohun tó wá bà á jẹ́ ni orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é, àkọ́bí ilé la fi ń pe ìyá. Ọ̀sẹ̀ tí mo mú Rùká dé mọ́sáláṣí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti sọ mí ní Ìyá Rùká. Mo ní kò burú, n ò tíì bímọ nígbà yẹn. Ọdún kan kọjá, mo bí Àbíọ́lá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rọbí. Inú mi ń dùn pé orúkọ máa yí padà. Àfi bí wọ́n ṣe ya wọlé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ìyá Rùká, ẹ kú ewu ọmọ o!" Ìyá Rùká kẹ̀! Ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọmọ tí obìnrin tó ti kú bí pè mí lójú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn. Mo bí Fàrúùkù lẹ́yìn ọdún méjì, Ìyá Rùká náà ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dùn mí. Ṣé irú èyí ṣeé sọ? Wọn á ní orí mi ò pé. Mo gbé e mì, ó sì ń wú sí mi nínú.

Rùká fẹ́ràn rélùwéè ju oúnjẹ lọ. Tí mo bá kó wọn lọ ra nǹkan ní Riverdale Park, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló máa ń dúró sí, á ní kí n jọ̀ọ́, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo kọjá ká tó lọ. Òun ló mú àbá yẹn wá pé nígbà ìsinmi gígùn tí bọ́ọ̀sì mi kì í ṣiṣẹ́, kí a wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri ìlú òyìnbó: ká bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, ká gba Bẹ́ljíọ̀mù, ká gba Jámánì dé Siwisalandi, ká parí rẹ̀ sí Ítálì. Bàbá wọn ní òun ò ráyè, ṣùgbọ́n kí èmi kó àwọn ọmọ lọ kí ojú wọn là. Rùká ra ìwé aláwọ̀ búlúù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Oṣù mẹ́fà ló fi kọ ọ́! Aago tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbéra, ibi tí a máa jókòó sí, ibi tí a ti máa rí oúnjẹ hàláàlì, ibùdókọ̀ tí ilé ìtọ̀ rẹ̀ dáa, torí pé Fàrúùkù kì í lè mú ìtọ̀ dúró. Yorùbá ló fi kọ èyí tó jẹ́ tèmi, ó ní kí n má bàa máa fi ojú tó ti rẹ̀ ka gẹ̀ẹ́sì wínníwínní.

Èmi àti àwọn ọmọkùnrin mi kò nílò físà, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà la ní. Bàbá Rùká kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú, nítorí náà pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Rùká ní, pẹ̀lú gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà. Àfi kó gba físà. Ìṣojú ọkọ mi ni mo ti gba ọjọ́ tí Rùká máa lọ tẹ̀ka fún físà náà ní D.C. Títí dìgbà yẹn, mi ò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni obìnrin kan ní mọ́sáláṣí gbọ́ nípa ìrìn àjò yẹn, ó di mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Rùká, ẹ mà kú oríire o! Ọmọ yín yìí ló ń gbé yín lọ wo ayé. Ọmọ gidi lẹ bí." Ọmọ gidi lẹ bí. Àbíọ́lá àti Fàrúùkù dúró tì mí, kò tiẹ̀ wo ojú wọn.

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo já àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ tán, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ṣófo, mo ṣí fóònù, mo sì fagi lé ọjọ́ ìtẹ̀ka yẹn. Kò gbà ju kí n tẹ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi íméèlì ránṣẹ́ padà pé àwọn ti fagi lé e gẹ́gẹ́ bí mo ṣe béèrè. Mi ò pa íméèlì náà rẹ́. Ta ló máa wò ó? Mo délé, mo ní, "Rùká, wọ́n ní o ò nílò físà mọ́. Gíríìn káàdì ẹ ti tó." Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Mọ́mì? Torí ibi tí mo kà á..." Mo jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ẹ?" Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ojú mi báyìí ló ṣe fa ìlà sórí físà nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ fún un nígbà yẹn pé kò ní lè lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: kò tíì kọ ìwé náà tán ni. Mo fẹ́ ìwé náà. Mi ò fẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Mo jẹ́ kó parí iṣẹ́, mo jẹ́ kó di àpótí rẹ̀, mo jẹ́ kó fi ọjọ́ méjì gbáko dirun nítorí fọ́tò. A dé pápá ọkọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò, ó béèrè físà. Mo káwọ́ lérí, mo ní, "Yéè! Wọ́n sì sọ fún mi pé gíríìn káàdì ti tó!" Gbogbo èèyàn gbà mí gbọ́, torí àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ àwa tí a ti ilé wá ń ṣe ni. Ọkọ mi tiẹ̀ ń bẹ̀ mí pé òun ni òun ò bá mi bójú tó o. Rùká ò sunkún. Ó yọ ìwé búlúù yẹn nínú báàgì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, Mọ́mì. Ẹ má jẹ́ kí Fàrúùkù mu omi jù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀." Bàbá rẹ̀ gbé e padà sílé. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú gbéra, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rẹ́rìn-ín!

Ìjókòó mẹ́rin mẹ́rin la ti sanwó fún. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí a wọ̀, ìjókòó kan ṣófo lójú wa. Àwọn ọmọ mi ò sì jẹ́ kí n sinmi. "Mommy, Rùká said we should sit on the left." "Mommy, Rùká said there's a river coming." Odò náà á sì yọ lóòótọ́! Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó sú mi. Mo ti ìwé náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí ńlá, mo ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Rùká sí mi létí mọ́, ṣé òun ló bí wọn ni? Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an la wọ ọkọ̀ kan ní Jámánì tó ń lọ sí Siwisalandi. Bí mo ṣe rí i, mo kó wọn wọ ẹ̀yìn, torí kò sí èrò níbẹ̀.

A dé ìlú kan, ọkọ̀ dúró pẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, n ò gbọ́ èdè wọn. Fàrúùkù ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ilé ìtọ̀ ọ̀dọ̀ wa sì wà ní títì. Mo ní kó sáré bọ́ sílẹ̀, kó gba ẹnu ọ̀nà apá iwájú ọkọ̀ náà wọlé, kó lo ilé ìtọ̀ ibẹ̀, kó sì tètè padà. Ọmọ ọdún méje! Ó wọlé tán báyìí ni iwájú ọkọ̀ náà já kúrò lára ẹ̀yìn, tó sì ń lọ. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ń sáré, mo ń ké, "Ọmọ mi! Ọmọ mi o!" Ọkọ̀ ti lọ.

Ta ni mo pè? Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ ló pe Rùká. Àárọ̀ ni ní Forestville, ó gbé e kíá. Mo ń sunkún, ohun tí mo ń wí kò yé e, ó ní, "Mọ́mì, ẹ mí dáadáa. Ṣé ìdajì iwájú lẹ wọ̀? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ yẹn máa pín sí méjì, iwájú ló ń lọ sí Siwisalandi." Àṣé ọmọ mi ló wà nínú ọkọ̀ tó yẹ, èmi ni mo wà nínú èyí tí kò yẹ! Obìnrin òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ tó wá bá mi ń béèrè nọ́mbà ọkọ̀, n ò sì mọ̀ ọ́n. Rùká ní, "Inú íméèlì yín ló wà. Ẹ fún mi ní páàsìwọọ̀dù yín, kí n wò ó láti ibí." Mo bá sọ ọ́ fún un. Mo ń pè é lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú mi: I, y, a, A, b, i, o, l, a.

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo ti rí i." Mo ní, "Kí lo rí?" Ó ní, "Nọ́mbà ọkọ̀ náà, mà." Ó kà á fún obìnrin yẹn ní gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ó sọ aṣọ tí Fàrúùkù wọ̀, torí òun ló di àpótí rẹ̀. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi dá ọmọ mi padà fún mi. Wọ́n ti fún un ní ṣokoléètì. Mo pe Rùká, mo ní Ọlọ́run á bá mi dá a sí. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Àbíọ́lá." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo ṣí íméèlì mi. Ohun tó wà lókè pátápátá ni íméèlì yẹn, èyí tó sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fagi lé ọjọ́ ìtẹ̀ka. Ó ti fi í ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi sí èmi náà, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Mọ́mì mọ́. Ọkọ mi bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ṣebí àwọn ló bí Àbíọ́lá, Dádì." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ló fi ń ṣeré. Rùká kò sọ ohun tó rí fún un. Mo kúnlẹ̀ fún Rùká nínú kíṣìnì, èmi tí mo tó ìyá rẹ̀, mo ní kó bú mi, kó sọ fún bàbá rẹ̀, kó ṣáà ṣe nǹkan. Ó ní, "Ẹ dìde, mà, ilẹ̀ yẹn tutù." Ó padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Jímọ̀ tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé rí Rùká níbi tó ti ń pín omi ní mọ́sáláṣí. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, ìyá ẹ dà, kí n kí i kú ìtọ́jú?" Mo dúró tì í níbẹ̀, mo ti ń múra láti dáhùn. Rùká kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ti kú, mà." Ó nawọ́ sí mi. "Ìyá Àbíọ́lá nìyí." Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí a máa fi tú ká, gbogbo wọn ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ mi ń wálé. Ṣé kí n fẹnu ara mi sọ fún un, kó lé mi, kí ó ṣáà ti tán? Àbí kí n máa wo ẹnu ọmọ yìí títí tó fi máa kúrò nílé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tọ́ ọmọ tí ẹ ò bí, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè yín, ẹ máa jẹ́ ẹ o, ẹ máa jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Lánàá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní, "Rùká, Ìyá Rùká ni mí." Ó gbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta lẹ ń wá?"