Ẹ Dìbò Lọ́jọ́ Ìsémọ́

Rárá o, Bọ̀dá Ebenezer, mi ò ní jókòó! Ẹ jẹ́ kí àga yẹn wà níbi tó wà. Ẹ ní kí wọ́n bu omi fún mi? Òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá! Iṣẹ́ mi ni mo wá bèèrè, iṣẹ́ mi tí ẹ̀yin àtàwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa gbà lọ́wọ́ mi lánàá, nígbà tí mo wà nínú yàrá, tí ilẹ̀kùn tì, tí fèrèsé tì, tí orò ń ké nígboro Ṣàgámù, tí mi ò lè yọ imú síta. Háà, Bọ̀dá! Ẹ ṣèpàdé lọ́jọ́ ìsémọ́? Ẹ dìbò lọ́jọ́ tí obìnrin kan ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan títì?

Ẹ má wolẹ̀. Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi Mọ́rọ́nfọ́lá ọmọ Akaka, tí mò ń rán tapólì lọ́rì ológun láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ di alága wa lónìí, ẹ̀yin lẹ wá bá mi nídìí obì mi lọ́jà, ẹ ní, "Ìyàwó wa, fi obì sílẹ̀, òyìnbó ń wá ẹni tí yóò máa rán ìbòrí ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà, iṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ ìjọba kì í tán." Àbí irọ́ ni mo pa? Mo gbé ìsọ̀ mi fún Hàbíbátù, mo tẹ̀lé yín. Ìsọ̀ ọ̀hún dà lónìí? Hàbíbátù ti kan pákó yí i ká, ó ti di ìyá olóbì. Ṣé kí n lọ lé e dìde ni?

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ wò ó dáadáa! Ẹ rí àtàǹpàkò yìí, kò ká mọ́. Tapólì tó le bí awọ màlúù, abẹ́rẹ́ tó gùn ju ìka lọ, okùn tí a fi ìda pa tó ń gé ni lẹ́ran, ohun tí mò ń bá wọ̀yá ìjà láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, Bọ̀dá. Ọwọ́ tó ti mọ tapólì, ta ni yóò gbé aṣọ ìyàwó fún un rán? Télọ̀ wo ni yóò gbà mí?

Ẹn? Kí n fara balẹ̀? Ẹ ní ìjọba ló gé owó? Mo gbọ́! Mo mọ̀ pé wọ́n gé owó àwọn ológun ní Lọ́ńdọ́nù, mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí lọ́rì pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé tapólì yóò máa ti ìlú òyìnbó wá ní rírán, pé òyìnbó ní ìdá kan nínú mẹ́ta wa gbọ́dọ̀ lọ, tó sì ní kí ẹgbẹ́ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọn tí yóò lọ. Mi ò bá òyìnbó jà. Òyìnbó ò mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí!

Ṣebí àwa obìnrin tapólì la kọ́kọ́ wá bá yín lọ́jọ́bọ̀? A ní ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń ṣe àáró, kí gbogbo wa pín iṣẹ́ yìí, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan nílé, kí ebi pa gbogbo wa díẹ̀díẹ̀ kó má baà pa ẹnì kan kú. Ẹ mi orí. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ká wá sọ ọ́ nípàdé. Ìpàdé wo? Ìpàdé tí ẹ fi sọ́jọ́ orò!

Kí lẹ wí? Pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ilé iṣẹ́ tì? Yéè, mo kú o! Bọ̀dá, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fi tì? Ṣebí nítorí orò ni! Akéde ti ké e láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọdé gbọ́, àlejò gbọ́, alága ẹgbẹ́ nìkan ni kò gbọ́? Ẹ ò lè bẹ òyìnbó kó fún yín ní ọjọ́ kan sí i? Bóbìnrin bá fojú kan orò, orò á gbé e, mo mọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mi ò ní bú orò ilẹ̀ wa. Orò kọ́ ló ṣe mí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í bọ orò ni! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì níwájú ìjọ, tí ẹ ń pè é ní iṣẹ́ òkùnkùn, ẹ̀yin lẹ wá fi orò tì wá mọ́lé!

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ jẹ́ kó máa dún! Ọlọ́run ò ní sá lọ.

Bàbá Yúnúsà ló wá sọ fún wa. Òun nìkan ni ọkùnrin tó ń bá wa rán tapólì, òun nìkan ló lè jáde nínú wa. Nígbà tí orò wọlé tán, tí a ṣílẹ̀kùn, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin! Ó ní, "Wọ́n ní kí gbogbo àwa tapólì máa lọ. Èmi nìkan ni mo ní rárá." Mo rò pé àwàdà ni. Ràbíátù tí a jọ ń rán tapólì, tí a jọ ń gbélé, tó lóyún sínú, ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, títí mo fi jáde láàárọ̀ yìí kò tíì dìde. Ẹ lọ wò ó! Ẹ lọ wo ohun tí ẹ fi ìbò yín ṣe!

Nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Nígbà tí ọlọ́pàá dé géètì, tí àwọn káfíńtà ilé iṣẹ́ wa ń bọ́ sínú igbó, tí àwọn wẹ́dà ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn, ta ló dúró? Èmi yìí, mo tẹ́ ìró sílẹ̀ lẹ́nu géètì, mo dùbúlẹ̀ lé e, mo ní kí wọ́n wa ọkọ̀ gorí mi. Ẹ ń pariwo nígbà náà, ẹ ní obìnrin bí ọkùnrin ni wá! Ọkùnrin ni wá lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dé, obìnrin ni wá lọ́jọ́ ìbò.

Ẹ wò ó. Ó ti rẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ rèé, Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ariwo mi bí yín nínú, mi ò fojú kan oorun ni. Bánkẹ́ ọmọ mi ku ọdún kan nílé ìwé ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyá ọkọ mi wà ní Akaka, ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ mi ló ń wò. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, màá mú ọmọ yẹn kúrò nílé ìwé ni, màá fà á lọ sóko ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì dàgbà sí. Ọ̀la lẹ máa fún òyìnbó lésì. Ẹ ṣì lè tún un ṣe! Ẹ pe ìpàdé míì nírọ̀lẹ́ yìí, kí àwa náà wá, kí a sọ tẹnu wa. Tí ẹ bá lé wa lójú ara wa, ó parí, màá lọ, ẹ ò ní gbóhùn mi mọ́.

Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè. Àwọn ọkùnrin ò ní gbà, torí obìnrin ní ọkọ tí yóò bọ́ ọ? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé? Ta ni, Bọ̀dá? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dìde, tí ẹ sọ ọ́?

Ẹ̀yin àti Olúdọ̀tun ọkọ mi lẹ jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sógun Hítílà. Ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá. Orí ẹní mi lẹ jókòó sí tí ẹ ti sọ fún mi pé ọwọ́ yín lẹ fi gbẹ́ ilẹ̀, pé òjò ń rọ̀, pé ẹ sin ín sí Bọ́mà. Ẹ wá dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ẹ ní mo lọ́kọ?

Ó dáa. Mo gbà. Mo lọ́kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tí ẹ sin ín sí. Ẹ dìde báyìí, Bọ̀dá Ebenezer, ẹ lọ hú u wá fún mi, kó wá bọ́ mi.