Fíìmù Màmá Tí Mo Fọ̀ Dànù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú. Dókítà ti ní kí n má ka oṣù púpọ̀ mọ́, n ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Àbúrò wa kọ́ ló ba fíìmù Màmá jẹ́. Èmi ni.

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fi aṣọ dúdú dí fèrèsé balùwẹ̀, tí mò ń fọ fíìmù, tí ẹ̀ ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Balùwẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nígbà tí àbúrò wa mú fíìmù tó fi ya Màmá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn wá, ẹ ní ká gbé e lọ fún onífótò. Mo ní, "Onífótò wo? Èmi ńkọ́?" Ìgbéraga lásán.

Omi méjì ni mo fi ń fọ̀ ọ́: èkíní ń gbé àwòrán jáde, èkejì ń jẹ́ kó dúró. Inú irú ìgò kan náà ni méjèèjì wà, n ò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Imú ni mo fi ń dá wọn mọ̀, torí èkejì a máa ta sí ni nímú. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀fìnkìn ti dí mi nímú pinpin. Òmùgọ̀ èèyàn! Èkejì ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Nígbà tí mo fa fíìmù jáde, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Kò sí Màmá, kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fíìmù máa ń tẹ̀ sí etí rẹ̀. Fíìmù tí wọn ò fi ya nǹkan kan rí máa ń ní nọ́ńbà yẹn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, nítorí náà onífótò tó bá rí i á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo sun ún lẹ́yìnkùlé, mo wá jáde sí yín: "Àbúrò wa ò fi fíìmù kọ́ kámẹ́rà dáadáa. Kò ya nǹkan kan."

Ẹ fi igbe ta. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Bóyá èmi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí bọ́tìnì kámẹ́rà tó ń yí bí mo ṣe ń yà á o." Ọdún mọ́kànlá, ẹ ò bá a sọ̀rọ̀. Ó bímọ, ẹ ò débẹ̀. Èyí tó burú jù wá ni pé ó gbé ọtí wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Mo mu ọtí náà, n ò sì bẹ̀ yín.

Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n àbúrò wa wà níta, lórí bẹ́ńṣì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwò ó ni. Títí di òní yìí, ó gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é wọlé, kí n tún un sọ lójú rẹ̀.