Orúkọ Mi Nínú Ìwé Bàálù

Ẹ wò ó, Bọ̀dá Ayára, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Ẹ kọ́kọ́ wá wo ojú ìwé yìí, kí ẹ sọ fún mi, ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀? Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ yìí, "mo ti so kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ mọ́ aago tó ń wọn bí bàálù ṣe ga tó, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára," orúkọ mi wá tẹ̀lé e, tòun ti sáìnì tó fẹ́ jọ tèmi. Níbo ni mo wà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀? Ṣebí ẹ̀yin gan-an lẹ dúró lẹ́nu géètì nígbà tí ilé ìwé pè mí pé ara ọmọ gbóná, tí mò ń sáré lọ, tí mò ń sọ ọ́ sẹ́yìn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bàálù ọkọ mi o, màá so wáyà rẹ̀ tí mo bá dé. Ẹ ní, "Ó ti yé wa, ìyàwó wa." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tún aago bàálù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìyàwó wa náà lẹ ṣì ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n yín rèé lókè, nínú bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó gbóhùn ẹ̀ láti bíi wákàtí mẹ́ta, ẹ̀yin ń bu tíì mu.

Rárá, ẹ má bẹ̀ mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Mo dé báyìí, mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, kí ni mo rí? Wáyà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, òun rèé lọ́wọ́ mi, téèpù pupa ṣì wà lára ẹ̀. Èwo ló wá wà nínú bàálù?

Ẹ sọ ọ́ sókè. Ti bàálù àtijọ́. Ẹ lọ tú wáyà lára bàálù àtijọ́, ẹ wá fi í sínú tiwa. Mo ti mọ̀ kí n tó bi yín, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu yín ni màá ti gbọ́ ọ.

Ẹ ní ó kúkú wọlé. Kí ni kò ní jẹ́ kó wọlé? Bákan náà ni gbogbo ẹnu wáyà wọ̀nyẹn rí, inú wọn ló yàtọ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń we téèpù mọ́ tèmi. Tèmi yìí, bátìrì kékeré tó dá wà lábẹ́ ìjókòó ni kọ̀ǹpútà yẹn á ti máa fa iná. Tiyín yẹn, inú bátìrì tí rédíò àti aago jọ ń lò ló ti ń fà á, bátìrì tó ti gbó, tí kò lè gbé gbogbo wọn ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Aago mọ́kànlá ló gbéra. Ẹ bá mi kà á.

Kọ̀ǹpútà yẹn sì sọ fún yín o. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀ pé tí nǹkan kan ò bá ti tọ́ láàárín òun àti aago, kó máa ké. Ẹni tó fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fà á gòkè ló sọ fún mi lẹ́nu géètì, ó ní ó ń ké píì, píì, kí wọ́n tó gbéra, ẹ̀yin lẹ nawọ́ wọlé, ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ ní ariwo ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ò tiẹ̀ bi í pé kí ló ń ké sí. Ọmọ ọwọ́ ké, ẹ gbé e, kọ̀ǹpútà ké, ẹ fún un lẹ́nu pa.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún yín. Tí bátìrì yẹn bá kú, rédíò kú, aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó fún kọ̀ǹpútà náà kú. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò ní kú, torí ó tún ní bátìrì tiẹ̀ nínú, tó lè gbé e fúngbà díẹ̀. Ojú ẹ̀ á máa tàn dáadáa, á máa fi nọ́ńbà tó gbọ́ kẹ́yìn hàn. Bàálù ń lọ sílẹ̀, nọ́ńbà dúró síbi tó wà. Kò sì ní ké, torí ẹ ti pa ohùn ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, aago kan wà tí kì í lo bátìrì, ẹ má fi ìyẹn tù mí nínú. Ìyẹn lè sọ bó ṣe ga tó, kò lè bá a ṣírò bóyá ó máa kọjá lórí òkè. Kọ̀ǹpútà la gbé ìṣirò yẹn lé lọ́wọ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó jókòó ti rédíò kọ ohun tí ọkọ mi wí sílẹ̀, mo ti kà á. Ó ní òun ti kúrò lórí odò, òun ti dojú kọ òkè, kọ̀ǹpútà ní òun máa fi igba mítà ga ju orí òkè lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ìyàwó òun pé iṣẹ́ ẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni ohùn ẹ̀ já sí.

Iṣẹ́ mi, Bọ̀dá. Ó rò pé iṣẹ́ mi ni. Ọkọ mi kì í wọ bàálù láì ṣí ìwé yìí wò, gbogbo èèyàn pápá bàálù yìí ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ká ní orúkọ yín ló rí, á ní ká dúró dè mí. Orúkọ mi ló rí, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó gun orí ìjókòó. Mo fi ọmọ mi búra, ká ní ẹ lù mí ni, kò ní dùn mí tó báyìí.

Ẹ ní ó ti lè balẹ̀ sí oko ẹnì kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ọkọ mi rèé lórí tábìlì, kò mú un lọ, mo rí i, ṣùgbọ́n ṣé àgbẹ̀ ò ní fóònù ni? Ẹ tún ní ká dúró kí oòrùn wọ̀, torí ẹni tó bá ránṣẹ́ sáwọn tó ń wá bàálù kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo pápá á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo ìta látojú fèrèsé. Láti aago mẹ́ta ni ìkùukùu ti bo orí òkè yẹn, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè purọ́. Ọmọ wà nínú mọ́tò níta, ó ń bi mí pé bàbá òun dà, mo ní ó ń bọ̀.

Ẹ gbé fóònù yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń wá bàálù. Èmi ti pè wọ́n kí n tó wọlé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé báyìí làwọn ìyàwó awakọ̀ bàálù ṣe máa ń pe àwọn. Mo ní èmi ni mò ń tún aago ẹ̀ ṣe, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni madam, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ so wáyà náà, ẹ̀yin lẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ mi. Tẹ́ni tó ṣe é bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́. Tó bá wá jẹ́ pé oko ẹnì kan ló jókòó sí, tí gbogbo pápá fi yín rẹ́rìn-ín títí di ọdún tó ń bọ̀, màá bá yín gba ìtìjú ẹ̀, màá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà pè wọ́n.