Àdúrà Tí Awakọ̀ Ò Ṣe Àmín Sí

Ọkọ̀ Ìlọrin wa ti kún ní gáréèjì Sabon Gari, ní àríwá. Ìyá àgbà tó jókòó níwájú gbàdúrà ìrìnàjò tán, ó wá kọjú sí awakọ̀.

"Gbogbo wa la ṣe àmín. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ara ọmọ mi ò yá, mi ò sùn mọ́jú. Tí mo bá ṣe àmín, mò ń parọ́ fún Ọlọ́run nìyẹn."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì fẹ́ gbé wa?"

"Tí n ò bá gbéra, àwọn ará gáréèjì á kó yín sínú ọkọ̀ míì. Owó oògùn ni mò ń wá."

"Haba. Ṣé oògùn nìkan lọmọ náà nílò, kò nílò bàbá?"

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbí, ọkọ̀ ojú irin là ń wọ̀ relé. N kò béèrè rí bóyá ẹni tó ń wà á rí oorun sùn.

Ìyá náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Lọ sùn díẹ̀. Èmi ò ní wọ ọkọ̀ míì. Ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ mi ni mò ń lọ. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ. Màá fi orúkọ náà pè é nígbà tí mo bá débẹ̀."